Oòrùn Alhaja ní Ẹnu Ọ̀wá

Ó ti tó ọdún mẹ́ta báyìí tí wọ́n gbé iná oòrùn wá sí agbo ilé wa ní Ẹnu Ọ̀wá. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń pè mí ní Kọ́múrédì, ẹ rò pé gbogbo ìjà tí mo jà ni mo jà dáadáa. Èyí tí mo fẹ́ sọ yìí, èmi fúnra mi ni mo kọ́kọ́ bà á jẹ́.

Òrùlé wa ti gbó, kò lè gba páńẹ́ẹ̀lì. Iléeṣẹ́ tó gbé iná náà wá ti pinnu láti ri òpó irin mọ́ àárín àgbàlá, kí wọ́n tẹ́ páńẹ́ẹ̀lì lé e lórí. Wọn kò sọ èyí ní ìpàdé tí wọ́n pè wá sí o. Wọ́n ní àwọn kàn wá kí wa ni, àwọn yóò padà wá gbọ́ ohun tí a fẹ́. Wọ́n pín mọ́ọ̀tì fún wa mu, wọ́n sì mú ìwé jáde pé kí àwọn tó wá fọwọ́ sí i.

Ọgbọ̀n ọdún ni mo lò nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Lójú tèmi, ìpàdé tí a kò kọ orúkọ àwọn tó wá, bí ẹni pé a kò ṣe é ni. Mo fọwọ́ sí i, mo sì ń gbé e kiri fún àwọn àgbà. Alhaja alágbàfọ̀ di ọwọ́ mi mú. Àgbàlá yẹn ló ti ń sá aṣọ àwọn oníṣọ́ọ̀bù Ìdúmàgbò láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú.

"Ọmọ mi, kí ni mo fẹ́ tẹ̀ka sí yìí?"

"Alhaja, atẹ́ńdáǹsì lásán ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé a pọ̀."

"Ṣé o ti kà á?"

"Ẹ̀yin náà! Kí ló wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ kà?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó tẹ̀ ẹ́.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, irin dé. A jókòó yí ihò tí wọ́n gbẹ́ ká, a kọ̀ láti dìde. Wọ́n pè wá sí ọ́fíìsì wọn. Ọ̀gá ibẹ̀ ti ìwé ìpàdé yẹn síwájú mi. Wọ́n ti so ojú ewé mìíràn mọ́ ọn, tó ní tọkàntọkàn la fi gbà kí wọ́n lo àgbàlá.

"Bàbá, ṣé ọwọ́ yín kọ́ nìyí?"

"Ọwọ́ mi ni. Àmọ́ ìpàdé la fọwọ́ sí, a ò fún yín ní àgbàlá wa."

"Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ sign o. Ẹ má stress wa jàre."

Alhaja ń wo ìka rẹ̀ lórí ìwé. Kò wo ojú mi rárá. Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, tó fi ata sẹ́nu, èmi gan-an ni.

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ṣọ́ọ̀bù Ìdúmàgbò nìkan ni wọ́n fẹ́ fún níná. A fẹ̀hónú hàn títí wọ́n fi fà á wọ yàrá tiwa náà. Lónìí, kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ síwèé ládùúgbò wa láìjẹ́ pé a kà á sókè ní Yorùbá. Ṣùgbọ́n wọ́n ri òpó náà, páńẹ́ẹ̀lì sì sọ àgbàlá di ibòji. Aṣọ kì í gbẹ níbẹ̀ mọ́, ó ń rùn ni. Àwọn oníbàárà Alhaja bá tiwọn lọ, òun náà sì kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Ìkòròdú.

Mo lọ bá a níbẹ̀.

"Iná yẹn ńkọ́? Ṣé ó ń tàn dáadáa?"

"Ó ń tàn, Alhaja."

"Ó yẹ kó tàn. Oòrùn mi ló ń jẹ."

Ẹ̀bẹ̀ ni mo bá lọ, àmọ́ mo gbé e padà sílé láì bẹ̀ ẹ́. Kí n tó tún padà, ó ti jáde láyé. Fáànù ń yí lórí mi bí mo ti ń kọ èyí, ara sì ń tì mí. Ẹ̀bẹ̀ yẹn ṣì wà lọ́rùn mi. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ìwé síwájú mi báyìí, ohùn rẹ̀ ni mo máa ń gbọ́: "Ṣé o ti kà á?"