Bàbá Má-gbé-funfun-wá

Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni pátákó kan fi wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀ kan. Lẹ́tà ńláńlá ni wọ́n fi kọ ọ́ síbẹ̀ pé: A KÌ Í GBA AṢỌ FUNFUN. Ẹ gbọ́ nǹkan! Alágbàfọ̀ tí kì í gba funfun, kí ló wá fi yàtọ̀ sí apẹja tó lóun kì í dé etí omi? Àwọn aládùúgbò kúkú ti fi sọ ọ́ lórúkọ. Bàbá Má-gbé-funfun-wá ni wọ́n ń pè é, ó sì ń dá wọn lóhùn.

Aṣọ tábìlì kan ṣoṣo ló fa gbogbo rẹ̀. Òtẹ́ẹ̀lì kan ló gbé e wá nígbà náà, aṣọ funfun báláú tí ìpẹtà irin kán sí lára níbi mẹ́rin, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò ju èékánná lọ. Bàbá ṣe ohun tí ọ̀gá rẹ̀ kọ́ ọ: àbàwọ́n yòówù kó wà lára funfun, bílíìṣì ni kó o dà lé e. Ó dà á lé e, àbàwọ́n náà pọ́n sí i. Ó tún dà á, ó wá gbilẹ̀. Wọ́n ní ó ti ba aṣọ àwọn jẹ́, wọ́n jù ú lé e láyà, wọ́n sì gba iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì náà lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bó bá rí funfun, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, sísá ni yóò sá. Ó di aṣọ náà sínú ọ̀rá, ó sì tọ́jú rẹ̀ sẹ́yìn àpótí tó fi ń jókòó.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló bí. Aṣọ aláràbarà tó ń fọ̀ náà ló fi rán ọmọ yìí lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ó lọ kọ́ kẹ́mísìrì. Kò pẹ́ táwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi sọ òun náà lórúkọ: Ọmọ Alágbàfọ̀. Ẹ̀bi tiẹ̀ náà ni. Kì í lè rí àbàwọ́n lára aṣọ ẹlòmíràn kó dákẹ́. Gbogbo kóòtù funfun tí wọ́n ń wọ̀ wọ yàrá àyẹ̀wò, òun ló ń fọ̀ ọ́ fún wọn ní ọjọ́ Sátidé, bó sì ti ń fọ̀ ọ́ ló ń rántí pátákó ẹnu ọ̀nà bàbá rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, olùkọ́ wọn kan ń sọ̀rọ̀ lórí irin. Rọra ni wọ́n ń pe olùkọ́ yìí lẹ́yìn, torí kò sí ẹni tó lè gbé ìgò níwájú rẹ̀ kó má sọ fún un pé, "Rọra o." Ó kọ nǹkan sójú pátákó, ó wá sọ ọ́ bí ẹni tí kò ka ọ̀rọ̀ náà sí pé:

"Ìdí rèé tí ẹ kò gbọdọ̀ fi da bílíìṣì sí ìpẹtà. Ṣe lẹ máa bọ́ ọ yó."

Ọmọ Alágbàfọ̀ ò mọ ìgbà tó dìde. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ tún un sọ."

Olùkọ́ tún un sọ. Omi bọ́ lójú ọmọ náà pòròpòrò níwájú gbogbo kíláàsì. Ọdún mẹ́sàn-án! Àṣé ẹ̀bi bàbá rẹ̀ kọ́. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló ṣaláìní.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó jí ọ̀rá náà gbé lẹ́yìn àpótí bàbá rẹ̀, ó gbé e lọ bá olùkọ́. Olùkọ́ bu nǹkan funfun kan tó dà bí ṣúgà, ó pò ó mọ́ omi gbígbóná.

"Kíkan tó wà nínú ọsàn wẹ́wẹ́ gan-an nìyí," ló wí. "Rọra dà á o."

Ó rọra dà á. Wọ́n dúró. Kò sí ariwo, kò sí èéfín. Etí àbàwọ́n náà kọ́kọ́ ṣí díẹ̀díẹ̀, àárín rẹ̀ di pupa rúsúrúsú, nígbà tó sì yá, kò sí mọ́. Ọmọ náà káwọ́ lérí. Ẹ̀rù bà á, inú rẹ̀ sì dùn débi pé kò mọ èyí tó yẹ kó kọ́kọ́ ṣe, ẹ̀rín ni tàbí ẹkún.

Nígbà tó sọ ìtàn aṣọ náà tán, olùkọ́ ní: "Màmá tó ń bójú tó ilé àlejò wa ní ogójì aṣọ ìbùsùn tó nípẹtà. Okùn irin ni wọ́n ń sá wọn lé. Wọ́n ti fẹ́ fi wọ́n nu ilẹ̀. Jẹ́ n mú ẹ dé ọ̀dọ̀ wọn."

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé yàrá kan náà, tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ okòwò, ló bá a kọ lẹ́tà sí màmá náà. "Má kọ ọ́ síbẹ̀ pé o máa gbìyànjú o," ọ̀rẹ́ náà wí. "Kọ ọjọ́ tó o máa dá wọn padà."

Màmá ilé àlejò ka lẹ́tà náà tán, ó wo ọmọ náà láti òkè délẹ̀. "Mẹ́wàá ni màá kọ́kọ́ fún ẹ. Bí ẹyọ kan bá bàjẹ́ nínú ẹ̀, ká má tún fojú kanra wa o."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe gbé funfun mẹ́wàá wọlé Bàbá Má-gbé-funfun-wá.

"Gbé e jáde!" Bàbá ti fò dìde.

"Bàbá mi, ẹ kọ́kọ́ wo èyí ná." Ó na aṣọ tábìlì sí i.

Bàbá yẹ̀ ẹ́ wò níwájú, ó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn. "Èyí kọ́." Ó wá kan igun rẹ̀ kan, níbi tí wọ́n ti fi òwú búlúù gán an lẹ́ẹ̀mẹta, àmì tí òun fúnra rẹ̀ máa ń gán sára aṣọ oníbàárà kí wọ́n má bàa pààrọ̀. Ó jókòó gbì.

"Kì í ṣe ọwọ́ mi?"

"Kì í ṣe ọwọ́ yín, bàbá mi. Irin ni."

Síbẹ̀, kò fọwọ́ kan aṣọ ìbùsùn. Ó jókòó sórí àpótí, ó ń wo ọmọ rẹ̀ bó ti ń rẹ ẹ́ sínú omi kíkan náà, tó ń fọ̀ ọ́, tó sì ń ṣan án. Ìpẹtà lọ tán pátápátá. Ọmọ tẹ́ àkọ́kọ́ sórí tábìlì, ó gbé áyọ́ọ̀nù sókè.

"Dúró!"

Bàbá ti dé ibẹ̀. Ó mú igun aṣọ tútù náà, ó fi kan ahọ́n. "Ó ṣì kan. Bó o bá gbé iná lé e báyìí, á pọ́n, kò sì ní pẹ́ tí á fi fà ya."

"Mo ti ṣan án lẹ́ẹ̀mejì."

"Ṣé ìwé ló ní ẹ̀ẹ̀mejì?"

"Ìwé ò sọ iye ìgbà."

"Ahọ́n á sọ ọ́."

Ni bàbá bá ká apá aṣọ, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ àárín funfun. Ọmọ náà ń wo ọwọ́ yẹn. Kò gbọ̀n. Bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà.

Ọmọ wá rántí pé olùkọ́ fún òun ní àwọn bébà tín-ín-rín kan tó máa ń pọ́n bí omi bá ṣì ní kíkan nínú. Ó ki ọ̀kan bọ omi náà, ó pọ́n. Bàbá tọ́ ọ wò: "Ó kù." Wọ́n yí omi padà. Bébà tún pọ́n díẹ̀. "Ó kù fín-ín," bàbá wí. Ní ìgbà karùn-ún, bàbá tọ́ ọ wò, ó mi orí: "Ó ti tán." Ọmọ ki bébà bọ̀ ọ́. Kò pọ́n rárá. Ó wo bébà, ó wo ẹnu bàbá rẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún tó ti ń fọ aṣọ ni yàrá àyẹ̀wò kan ti wà lẹ́nu bàbá yìí, kò sì sẹ́ni tó mọ̀.

Màmá ilé àlejò gbé mẹ́wẹ̀ẹ̀wá síbi ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé, ó wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kàn ní kí wọ́n kó ọgbọ̀n tó kù wá, ó sì tẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láago, ẹni tó ń bójú tó aṣọ ní ilé ìwòsàn.

Ọmọ náà ròyìn ahọ́n bàbá rẹ̀ fún olùkọ́. Rọra fúnra rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù náà, ó kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lẹ́yìn. Ó dọ̀bálẹ̀ fún bàbá. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, a fẹ́ wá kọ́ bẹ́ ẹ ṣe ń tọ́ omi wò."

Ojú ti bàbá. "Ṣé èyí náà ló ń jẹ́ ẹ̀kọ́ ni?"

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọmọ bá bàbá rẹ̀ lórí àga, ó ń yọ pátákó. Aṣọ tábìlì ìjọ́sí, tó ti lọ̀ kó gún régé, ló fi kọ́ sípò rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan tó ń kọjá dúró, aṣọ iṣẹ́ funfun rẹ̀ wà ní apá rẹ̀.

"Ẹ ẹ̀ ní bínú o, Bàbá Má-gbé-funfun-wá, ṣé ẹ ti ń gbà á ni?"

Bàbá sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, ó na ọwọ́ méjèèjì.

"Gbé e wá."