Ìtàn Ogun Tí Mo Bá Bàbá Jámánì Tẹ̀

Mo rántí ìgbà tí iṣẹ́ epo rọ̀bì dẹnu kọlẹ̀ ní Houston, láàárín àwọn ọdún 1980, tí akẹ́kọ̀ọ́ bíi tèmi kò rí iṣẹ́ gidi ṣe. Bàbá Jámánì kan ní àdúgbò Brays Oaks ló gbà mí. Ó ti jẹ́ ọ̀gá kékeré nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ kan nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó sì fẹ́ kọ ìtàn wọn fún àwọn ọmọ wọn tó ti di ará Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti ń fọ́. Òun a máa sọ ọ́, èmi a máa tẹ̀ ẹ́, n óò wá kà á sí i létí. Mo tún máa ń dọ̀bálẹ̀ kí i, bí ẹni ń kí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀. Ó fẹ́ràn rẹ̀ gan-an.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó dé orí ìlú kékeré kan tí wọ́n gbà ní Faransé, tí kò dárúkọ. Ó ní, "A ya àwọn aláwọ̀ dúdú sọ́tọ̀ nínú àwọn ọmọ ogun Faransé tí a mú. A tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ oko èso àjàrà, a sì yìnbọn pa wọ́n." Ó wá ní, "Má kọ ìyẹn. Kò ṣe pàtàkì."

Kétu, ní apá ilẹ̀ Yorùbá tí àwọn Faransé ń ṣàkóso, ni wọ́n ti bí ìyá mi. Àwọn Faransé fi tipátipá mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin lọ sójú ogun yẹn, kò sì padà wálé. Bóyá ó wà lára wọn, bóyá kò sí, èmi ti dá ẹjọ́ tèmi. Ẹni tó yàgbẹ́ ló máa ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Mo ní, "Ó dáa, sà." Mo tẹ gbogbo rẹ̀ pátá. Nígbà tí mo ń kà á sí i létí, mo fo ibẹ̀.

Ìwé jáde, a fi ránṣẹ́ káàkiri. Kò pẹ́ tí lẹ́tà fi ń wọlé, èmi náà ni mo sì ń kà wọ́n fún un. Ọmọ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan kọ̀wé pé bàbá òun kò ní fọwọ́ kan ọmọ òun mọ́ láé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ìyẹn, mo ní bóyá kò gbọ́ dáadáa. Inú mi dùn, n kò ní purọ́.

"Ṣé o kọ ọ́ ni?" ó bi mí.

"Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́, sà. Èmi kàn tẹ̀ ẹ́ ni."

Ó lé mi. Mo ń rẹ́rìn-ín títí mo fi wọ bọ́ọ̀sì.

Mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún ìyá mi nínú lẹ́tà. Èsì rẹ̀ kúrú: "Ìlú wo ni? Jẹ́ ká rí ẹni bá wa bu iyẹ̀pẹ̀ ibẹ̀ wá, ká fi sìnkú ẹ̀gbọ́n mi."

N kò bi bàbá náà lọ́jọ́ tó sọ ọ́. Ẹ̀san ni mo ń wá. Ìbínú kò mọ̀ pé olúwa òun kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Mo padà lọ, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dárúkọ ìlú náà. Ó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán.

"Ìwọ tó mọ ìwé kọ," ó ní, "kọ ìyẹn náà fúnra rẹ." Ó ti ilẹ̀kùn.

Mo kọ̀wé sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ẹnì kan kò fèsì. Ìyá mi kú láì sin ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mo ti dàgbà báyìí, n kò sì tíì dárí ji bàbá yẹn. Ṣùgbọ́n ohun tó ń dùn mí jù ni pé lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ó ṣì ń bá mi sọ̀rọ̀. Ká ní mo bi í ni, ì bá sọ fún mi.