Ìjọ Bàbá Oníjó

Bí wọ́n bá dárúkọ olóògbé ajíhìnrere náà ládùúgbò, ọ̀rọ̀ pátákó ìkéde rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ jáde. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kọ ọ́. Ìyàwó rẹ̀, tí í ṣe nọ́ọ̀sì, sọ fún un pé kò fàmì sórí ọ̀rọ̀, kò sì fi sábẹ́ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ní, "Ẹni tó bá gbọ́ èdè bàbá rẹ̀ kò nílò àmì."

Ohun tó wà lára pátákó ni: IJO TITUN BERE LOJO ISINMI. E MU ENIKEJI YIN WA.

Nígbà tí ọjọ́ Ìsinmi pé, àwọn ọ̀dọ́ mẹ́rìnlá wọ inú yàrá tí wọ́n ń kó sìmẹ́ńtì sí tẹ́lẹ̀, tọkùnrin tobìnrin, méjì méjì, bàtà wọn ń dán.

"Bàbá, ijó tuntun náà dà?" ni mẹkáníìkì kan béèrè.

"Ìjọ ni mo kọ, n kò kọ ijó."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tún un kà lára pátákó."

Ajíhìnrere jáde, ó wo pátákó títí, ó padà wọlé. "Ẹ jókòó. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, bí ó bá yé yín dáadáa, ẹ ó jó."

Ọjọ́ náà ló di Bàbá Oníjó. Mẹ́sàn-án nínú wọn padà wá lọ́sẹ̀ kejì. Mẹkáníìkì ṣì wọ bàtà dídán, bóyá Bàbá á ti yí èrò padà.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré fún nọ́ọ̀sì. Ìlú mẹ́rin ni òun àti ọkọ rẹ̀ ti dá ìjọ sílẹ̀, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló tú ká mọ́ wọn lórí. Àwọn àgbà ìjọ tó rán wọn níṣẹ́ ti wá sọ ojú abẹ níkòó: bí ọdún bá parí tí èèyàn kò pé ogójì, kí wọ́n kó ẹrù wọn padà. Ó ti rẹ obìnrin náà láti máa palẹ̀ ẹrù mọ́. Ó fẹ́ ilé kan tí òun lè kan ìṣó mọ́ ògiri rẹ̀.

Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ojúlé dé ojúlé. Bí ẹní ń ná aṣọ ni Bàbá Oníjó ṣe ń ná èèyàn.

"Wákàtí méjì péré ni mo fẹ́," ó sọ fún onígbàjámọ̀, tó ń fá orí lọ́wọ́.

"Bàbá, mo fún yín ní ogún ìṣẹ́jú."

"Ogún ìṣẹ́jú? O ti lò ju bẹ́ẹ̀ lọ lórí eléyìí, bẹ́ẹ̀ irun kò pọ̀ níbẹ̀."

Wọ́n parí rẹ̀ sí ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta. Bó ṣe pé gééré lọ́jọ́ Ìsinmi, onígbàjámọ̀ dìde.

"Jókòó," ni Bàbá Oníjó wí láàárín ìwàásù. "Mo ti ń yá nínú ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

Nígbà tí ọdún fi máa dé ìdajì, ó ti yá a dé ọdún tó tẹ̀ lé e.

Nọ́ọ̀sì ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ó gbé tábìlì sẹ́bàá títì, ó ń yẹ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ àwọn èèyàn wò lọ́fẹ̀ẹ́. Ibẹ̀ ni ọkọ rẹ̀ ti wá ká wọn mọ́ lórí ìlà, ó ń wàásù iná àjóòkú. Aránṣọ kan tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá jókòó, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru. Ti ẹni tó tẹ̀ lé e náà ru.

"Ajíhìnrere, ẹ kọjá sí òdìkejì títì. Ẹ̀ ń ba ẹ̀jẹ̀ àwọn èèyàn mi jẹ́."

Ó kọjá. Kò sọ nǹkan kan mọ́, ó kàn dúró, ó ń wò wọ́n.

"Nọ́ọ̀sì," ni aránṣọ wí, "ẹ ní kí wọ́n máa wàásù o. Wíwò yìí ló burú jù."

Ọdún parí, alábòójútó tí àwọn àgbà rán dé láti wá ka èèyàn. Òjò ń rọ̀. Ó ka mọ́kàndínlógójì. Nọ́ọ̀sì sorí kọ́.

"Ẹ tún un kà," ni Bàbá Oníjó wí. "Aránṣọ lóyún."

"Ọmọ inú kì í ṣe ọmọ ìjọ."

"Ṣé ìta ló jókòó sí ni? Onígbàjámọ̀ tí ẹ kà yẹn ń sùn. Ọmọ yẹn ń tasẹ̀."

Alábòójútó fẹ́ fajú ro, ẹ̀rín pa á. Ó kọ ogójì sílẹ̀.

Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà ni Bàbá Oníjó sùn tí kò jí mọ́. Ilẹ̀ ibojì kò tíì gbẹ tí lẹ́tà àwọn àgbà fi dé: kò sí oníwàásù tí wọ́n lè rán wá, kí wọ́n ti yàrá náà pa, kí opó máa bọ̀. Nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi bébà di àwọn àwo rẹ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó mú kọ́kọ́rọ́, ó lọ ti ilẹ̀kùn.

Ó bá yàrá náà ní kíkún. Kò sẹ́ni tó dúró níwájú.

"Ta ló ń wàásù?"

"Kò sí, Mà," ni onígbàjámọ̀ dáhùn. "A kò mọ ibòmíràn tí à bá wà ní irú àkókò yìí ni."

Mẹkáníìkì ń sọ ìtàn kan nípa olóògbé, ó ń bù mọ́ ọn, àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń nu ojú. Nọ́ọ̀sì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fetí sí i díẹ̀.

"Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá," ó ní. "Ẹ sún, ẹ jẹ́ kí n jókòó kí n sọ ọ́ fún yín. N kò lọ síbì kankan."