Obìnrin Jámánì Olóhùn Òkè Tí Mo Ń Ránṣọ Fún ní Sharjah

Ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ránṣọ ní Sharjah kò tóbi ju ilé ìdáná lọ. Maṣíìnì mẹ́ta ló wà níbẹ̀, fáànù kan tó ń kó ooru láti igun kan lọ sí èkejì, àti ọ̀gá mi, ọmọ Pakistan, tó gbà pé lẹ́yìn Ọlọ́run, òun nìkan ló mọ àlùmọ́gàjí lò. Aṣọ tuntun, tirẹ̀ ni. Aṣọ àwọn tó ti sanra, tí wọ́n fẹ́ kí a tú u kó lè gbà wọ́n, tèmi ni. Bí mo ṣe pàdé obìnrin Jámánì náà nìyẹn, láàárín àwọn ọdún 1990.

Ó ga, ó fẹ̀, orí rẹ̀ ti ń funfun. Ó da ẹ̀wù gígùn mẹ́ta sórí tábìlì.

"Ooru ìlú yìí ti jẹ́ kí àwọn aṣọ mi súnkì," ó ní.

"Òótọ́ ni, Màdáámù," mo dá a lóhùn. "Ó ti mú tèmi náà súnkì."

Ó wo ìbàdí mi, ó bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, kì í jẹ́ kí ọ̀gá mi fọwọ́ kan aṣọ òun.

Ó sọ fún mi pé akọrin ọ́pẹ́rà lòun. Mo ní kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní eré orí ìtàgé ni, àmọ́ wọn kì í sọ̀rọ̀ níbẹ̀, orin ni wọ́n máa ń kọ látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Bí wọ́n bá gún obìnrin lọ́bẹ, kò gbọdọ̀ kú títí yóò fi kọrin tán.

"Kò sẹ́ni tó máa ń gbé e lọ ọsibítù?"

"Kò sí. Gbogbo wọn á dúró, wọ́n á máa gbọ́ ọ."

Mo ní mo mọ ìlú kan tó jọ bẹ́ẹ̀.

Díẹ̀díẹ̀, bí mo ṣe ń wọn ìbàdí rẹ̀, ó ń ròyìn ara rẹ̀. Ọmọ oníbúrẹ́dì ni, ní ìlú kékeré kan. Olùkọ́ tó kọ́kọ́ gbọ́ ohùn rẹ̀ gbà á nímọ̀ràn pé kó lọ kọ́ iṣẹ́ títẹ táípù. Ó kọ́ ọ, ṣùgbọ́n kò fi orin sílẹ̀. Ọdún mẹ́fà ló fi wà láàárín àwọn tó ń gberin lẹ́yìn: lónìí ó jẹ́ ìránṣẹ́bìnrin, lọ́la ó jẹ́ ará abúlé, lọ́jọ́ kan wọ́n fi í ṣe igi. Nígbà tó ṣe, ohùn há mọ́ aṣáájú wọn lọ́fun, kò sì sí ẹlòmíràn tó mọ orin náà tán. Wọ́n tì í síwájú.

"Àwọn tó fi mí ṣe igi náà ló ń pè mí ní ẹ̀bùn Ọlọ́run lọ́jọ́ kejì," ó ní.

Ọdún méjìlá ló fi ṣe aṣáájú. Lẹ́yìn náà wọ́n mú ọmọdébìnrin kan wá, wọ́n fún òun ní òdòdó, wọ́n ní kó lọ sinmi. "Mi ò sọ fún ẹnì kankan pé ó rẹ̀ mí." Ọkọ rẹ̀, ẹnjiníà omi, ríṣẹ́ sí Sharjah, ó sì tẹ̀ lé e wá. Kò kọrin mọ́.

Èmi náà kì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ. Mo jẹ́ kó mọ̀ pé sòpúránò, olóhùn òkè bíi tirẹ̀, lèmi náà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, àní pé èmi ni wọ́n ń gbójú lé. Ó ní kí n kọ díẹ̀. Mo kọ ọ́ tagbáratagbára. Nígbà tí mo parí, ó bi mí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé:

"Ta ló ń lé ọ?"

Ló bá ní kí n máa wá sílé òun. Ó dá mi dùbúlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì, ó gbé ìwé ńlá lé mi níkùn, ó ní kí n máa mí. Oṣù kan gbáko, mímí nìkan ni mo kọ́, èmi tí mo ti ń mí látọjọ́ tí wọ́n ti bí mi.

Òtẹ́ẹ̀lì kan ní Deira, tí kò jìnnà sí wa, ló gbọ́ nípa rẹ̀. Máníjà wọn fẹ́ kó wá kọrin lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀, kí àwọn oníbàárà máa gbọ́ nǹkan bí wọ́n bá ń jẹ edé. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi sọ pé òun ò lọ. Nígbà tó yá, ó ní kí n tú ẹ̀wù pupa òun kan kó lè gba òun, òun máa lọ.

Mo bá a lọ, torí èmi ló máa de ẹ̀yìn ẹ̀wù náà. Ó bẹ̀rẹ̀ orin. Fọ́ọ̀kì ń dún, ọkùnrin kan ń pariwo sínú fóònù alágbèéká pé ó tó, ó parí: "Khalas! Khalas!" Orin kò tíì dé ìdajì tí máníjà fi sáré wá.

"Yalla, ó yá, Màdáámù, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Ọmọ kan ń ṣọjọ́ ìbí. Kéèkì ti dé."

Obìnrin náà wò ó. Ó ti máíkù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó mí bó ṣe ní kí èmi máa mí, ó sì bẹ̀rẹ̀ orin náà padà láti ìbẹ̀rẹ̀. Mi ò mọ pé irú ohùn bẹ́ẹ̀ ń gbé inú èèyàn. Ìkọ́ méjì já lẹ́yìn ẹ̀wù. Ẹni tó ń bu edé gbé ṣíbí dúró lófuurufú. Ọlọ́fóònù gbàgbé ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Omi ń dà lójú mi, èmi tí mo wá de ìkọ́. Nígbà tó parí, ó tẹ̀ sọ́dọ̀ ọmọ náà, ó kọ orin ọjọ́ ìbí fún un wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Gbogbo ilé dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́.

"Ó dáa gan-an, Màdáámù," ni máníjà wí, "àmọ́ ó ti pariwo jù. Wọn ò jẹun mọ́."

Wọn ò pè é mọ́. Nínú takisí, ó di ọwọ́ mi mú. "Mo rò pé ó ti lọ," ó ní. Ohùn rẹ̀ ló ń sọ.

Obìnrin kan tó wà níbi edé lọ́jọ́ náà, tó ń gbé ní Mirdif, ní kó wá máa kọ́ àwọn ọmọ òun. Kí ọdún tó yí po, ilé rẹ̀ ti kún fún ọmọdé tó dùbúlẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ìwé níkùn, òun náà sì ń jágbe mọ́ wọn tayọ̀tayọ̀.

Iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ parí lẹ́yìn ọdún méjì. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ, ó dá mi dúró láàárín pálọ̀ tí wọ́n ti kó gbogbo nǹkan inú rẹ̀, ó ní kí n kọrin. Mo kọ ọ́. Ó dijú, ó gbọ́ ọ tán, ó ronú.

"Ó ti sàn díẹ̀," ó ní.

Wọ́n ní láàárín àwọn Jámánì, oríyìn ńlá nìyẹn. Mo dúpẹ́, mo sì bá wọn gbé àpótí sínú ọkọ̀.