Àkísà Lẹ́nu Gìtá

Ẹni tó ń gbe orin láìsí ẹni tó ń dá a, kí ló fi yàtọ̀ sí ẹni tó dúró ní ẹnu ọ̀nà tó ń kí "ẹ káàbọ̀" nígbà tí ẹnikẹ́ni kò dé? Bẹ́ẹ̀ ni tèmi rí ní Ajue, lọ́dọ̀ àwa ará Ìkálẹ̀, lẹ́yìn tí ẹ̀gbọ́n mi kú.

Gìtá kékeré olókùn mẹ́rin la máa ń ta, èyí tí wọ́n ń pè ní yukulélé. Akọ̀wé kan níbi tí wọ́n ti ń la pákó ló fi méjì sílẹ̀ fún wa nígbà tó ń kó lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ń dá, èmi ń gbè, láti ìgbà tí a ti wà ní géńdé. Ìgbà tí a sin ín tán, mo gbé tèmi kọ́ sókè ààrò kí kòkòrò má baà jẹ igi rẹ̀. Kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Ohun tí ọwọ́ mi mọ̀ kò ní ìbẹ̀rẹ̀. Ìdáhùn nìkan ni.

Nítorí náà, nígbà tí wọ́n kéde ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ọdún onígìtá kékeré yóò wáyé ní Odigbo nínú ọlidé gígùn, pé wọn yóò kọ́ wa láàárọ̀, pé bó bá di ìrọ̀lẹ́ àwa olórin yóò máa ta fún ara wa, mo mọ ohun tí mò ń wá lọ. Ẹni tí yóò dá orin ni mò ń wá. Ayé ṣọ́jà ni, ìlú le bí ojú ẹja. Okùn gìtá kò sí lọ́jà, okùn ọ̀rá tí àwọn Ìlàjẹ fi ń pẹja ni mo so mọ́ tèmi. Mo gun alùpùpù, ó di Odigbo.

Kíláàsì ilé ìwé tí wọ́n fi wá wọ̀ sí, ewúrẹ́ ló ti ń sùn níbẹ̀ kí a tó dé, kò sì sẹ́ni tó gbá a. Òórùn òbúkọ, ẹ̀yin ènìyàn mi, ó ń wọ aṣọ, ó ń wọ irun, ó ń bá ni wọ inú oúnjẹ. Ẹ̀wà tí wọ́n bù fún wa, kòkòrò ń léfòó lójú rẹ̀ bí ẹni ń lúwẹ̀ẹ́. Mo ní kò burú, ṣebí oúnjẹ kọ́ ni mo bá wá.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ọkùnrin kan tó ń wa lọ́rì ní gáréèjì Ore kírun Alásárì tán lábẹ́ igi máńgòrò, ó gbé gìtá kékeré tirẹ̀, ó dá orin kan. Ara mi bù máṣọ. Bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe ń pè mí gẹ́lẹ́ nìyẹn! Kí n tó bi í pé ta ni, ọwọ́ mi ti dá a lóhùn.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "mo rò pé ẹ̀gẹ́ nìkan lẹ̀yin ará Ìkálẹ̀ mọ̀ ọ́n gbìn."

"Èmi náà rò pé fèrè ọkọ̀ nìkan lẹ̀yin onílọ́rì mọ̀ ọ́n fun."

A ta títí ilẹ̀ fi ṣú. N kò gbóòórùn òbúkọ mọ́.

Ìyẹn ni gbogbo adùn ibẹ̀. Nígbà tílẹ̀ mọ́, olùkọ́ wa láti ìlú ńlá dé, fèrè lọ́rùn rẹ̀, ṣọ́jà kan tó di kòbókò mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò kọ́ wa ní nǹkan kan àfi orin kan ṣoṣo tí a ó fi yin ọ̀gá ṣọ́jà tó ń bọ̀ wá parí ọdún náà. Ẹni tí ìka rẹ̀ bá ṣì, wọ́n á ní kó máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́. Mo rí àgbàlagbà tó ti ní ọmọ-ọmọ tó ń fò kiri pápá, gìtá lórí.

Ọjọ́ tí àlejò ń bọ̀, olùkọ́ ní ọwọ́ wa kò tíì dán, téèpù ni yóò kọrin. Ká sáà máa ju ọwọ́ lórí okùn. Kí ẹnikẹ́ni má baà ba iṣẹ́ jẹ́, ó pín àkísà fún wa, pé ká kì í bọ gìtá lẹ́nu, inú ihò tí ohùn ti ń jáde. Àkísà tí wọ́n fi ń nu pátákó ìkọ̀wé, tí wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi nu ilẹ̀ àwọn ewúrẹ́ nítorí àlejò.

"Ọ̀gá, gìtá tèmi kì í ṣe ìgò," mo wí.

"Bàbá, ṣé kí ṣọ́jà wá bá yín kì í ni?"

Ṣọ́jà sì wá. Ìka tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi wa imú ló fi kì í.

Mo wo awakọ̀. Ó ti kì tirẹ̀ tán, ó ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ wọlé, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi sílẹ̀ jàre! Ṣé orin la ó fi mu ẹ̀kọ ni? Wọ́n á pín mílíìkì."

Ilé tèmi náà kò rí mílíìkì. Ẹ̀rín yẹn ni n kò lè gbé mì.

Téèpù ń ké, a ń ju ọwọ́, àfi bí jẹnẹrétọ̀ ṣe wúkọ́, tó kú. Kẹ́kẹ́ pa. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé ká dúró, nítorí náà ọwọ́ kò dúró. Gbogbo wa ń ta gìtá tí kò dún, níwájú ọ̀gá ṣọ́jà tó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó gbójú sókè, ó pàtẹ́wọ́. "Ẹ kú iṣẹ́! Orin yìí dùn!" Gbogbo pápá pàtẹ́wọ́. Àwọn olórin tẹríba. Awakọ̀ mi ló tẹrí ba jù.

Nígbà tí wọ́n ń jà sí mílíìkì, tí wọ́n ń tẹ gìtá ara wọn mọ́lẹ̀, mo ti wà lójú títì, mo ń fi igi yọ àkísà tèmi.

Nígbà ìkórè kòkó, lọ́rì kan wá kó ẹrù ní Ajue. Awakọ̀ Odigbo yẹn ló bọ́ sílẹ̀, gìtá lọ́wọ́ kan, agolo mílíìkì lọ́wọ́ kejì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ sá fi ìpín yín sílẹ̀. Mo bá yín gbà á."

N kò na ọwọ́. Ó gbé agolo sórí pèpéle ìloro, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gìtá tèmi, ó ní ká ta. Ó fọwọ́ kan okùn: kú, kú, kú, bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn òkú.

"O ò tíì yọ àkísà yẹn?"

"Ìyàwó mi ló ní kí n fi sílẹ̀. Ó ní ọmọ ń rí oorun sùn."

Mo gba gìtá náà, mo fa àkísà jáde. Aáyán bá a jáde, ẹyin wọn lẹ̀ mọ́ ọn lára, òórùn òbúkọ Odigbo sì gba ìloro mi kan. Mo tutọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó gbọn aáyán kúrò lẹ́sẹ̀ ṣòkòtò, ó gba gìtá rẹ̀ padà, ó jókòó, ó sì dá orin, bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe ń dá a gẹ́lẹ́.

Àkísà náà wà nílẹ̀ níwájú mi, òórùn rẹ̀ ṣì wà nímú mi. Ọwọ́ mi kò bi mí léèrè. Ó ti ń gbè.