Orúkọ Tí Ìyàwó Ilé Kì í Pè

Láti Ìbarà títí dé ibi iṣẹ́ mi l'Ékòó, ìtàn ni mo máa ń gbọ́ lórí fóònù. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì kan ló ń ṣe pọ́díkáàsì náà, ìtàn Ẹ̀gbá ni wọ́n sì fẹ́ràn jù. Mo máa ń bá wọn jiyàn bí ẹni pé wọ́n ń gbọ́ mi. "Irọ́ lẹ̀ ń pa," màá sọ bẹ́ẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, ẹni tó jókòó tì mí á sún sẹ́yìn díẹ̀. Kí ni kí n ṣe? Àwọn ọmọ mi ti rìn jìnnà, ìyàwó mi ti bá tirẹ̀ lọ, èmi nìkan ni mò ń ṣílẹ̀kùn ilé mi lálẹ́. Ẹni tí kò lẹ́ni tí yóò bá jiyàn á bá fóònù jà.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀kan nínú wọn ní ìtàn tí kò bá ti lórúkọ nínú, àlọ́ lásán ni. Ọ̀rọ̀ náà gún mi lọ́kàn. Mo mọ orúkọ ìyá ọba mélòó kan, mi ò mọ ti ìyá tó bí mi. Ó kú kí n tó mọ ìrìn. Orúkọ ìyàwó tí bàbá mi fẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ ló wà lórí gbogbo ìwé mi, bàbá mi kì í sì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mẹ́nu ba òkú náà títí òun náà fi kú. Mo gbọ́ pé ọ̀nà Alábàtà ni ẹbí ìyá mi ti ń dáko, mo sì lọ síbẹ̀. Ilé táwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé ló kún ibẹ̀ báyìí. Bàbá kan tó jókòó lábẹ́ igi bi mí pé, "Ta lẹ̀ ń wá? Kí lorúkọ rẹ̀?" Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo padà sílé.

Ẹnì kan ṣoṣo ló kù láyé tó mọ ìyá mi: ìyàwó àbúrò bàbá mi, tó ń ta abọ́ àti ìkòkò ní Láfẹ́nwá. Ìyá Láfẹ́nwá ni gbogbo wa ń pè é. Òun ló tọ́ mi. Mo gbé fóònù lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù, mo jẹ́ kó gbọ́ ohun tí ọkùnrin yẹn sọ. Ó nu inú abọ́ kan mọ́ kó tó dáhùn.

"Bí wọ́n bá láṣọ bí àgbà, wọn ò lè ní àkísà bí àgbà," ó ní. "Ta ló máa pe orúkọ ìyálé rẹ̀? Ìyá rẹ ló ṣáájú mi wọlé. Ìyálé mi ni mò ń pè é. Nígbà tó bí ọ, orúkọ tìrẹ ni mo wá fi ń pè é."

"Ẹ sáà ń gbọ́ nígbà táwọn àgbà ilé ń pè é."

"Ọjọ́ ti pẹ́. Ohun tí ẹnu ò pè rí, etí kì í pa á mọ́."

Inú bí mi. "Ẹ jọ jẹun, ẹ jọ sùn nínú ilé kan, ẹ ò sì mọ orúkọ rẹ̀. Òótọ́ làwọn ọmọ yẹn sọ. Àlọ́ lẹ fi tọ́ mi." Ohùn mi ti ga ju bó ṣe yẹ lọ.

Kò bínú. "Lọ́jọ́ tí wọ́n mú mi wọlé, ojú ń tì mí, mi ò lè jẹun. Ìyá rẹ ló gbé ẹ̀kọ wá bá mi ní kọ̀rọ̀, ó ní kí n má febi pa ara mi torí ojú ayé. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà kí ẹnikẹ́ni má wọlé títí mo fi jẹ ẹ́ tán. Ṣé àlọ́ nìyẹn?"

Ó gbé abọ́ náà kalẹ̀, ó wò mí. "Ìwọ tó o fẹ́ràn orúkọ tó báyìí, kí lorúkọ tèmi?"

Obìnrin tó wẹ̀ mí, tó ń mú mi lọ sílé kéú, mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Ọlọ́hun ò fún un lọ́mọ, kò sí orúkọ ọmọ tá a lè fi pè é, la bá fi ọjà pè é.

"Ìyá, ẹ má bínú. Kí lorúkọ yín?"

Ó fi etí ìborùn nu ojú. "Ẹnikẹ́ni ò bi mí rí nínú ilé yín." Ó sọ ọ́ fún mi, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ bíi ti ọmọge. Orúkọ tó dùn ni.

Orúkọ ti ìyá mi ti lọ nìyẹn, ó sì ń dùn mí títí di òní. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nínú bọ́ọ̀sì, mi ò fi nǹkan kan sétí. Mi ò lè pe orúkọ Ìyá Láfẹ́nwá lójú rẹ̀, àgbà ni. Mo bá pè é níbẹ̀, jẹ́jẹ́. Ẹni tó jókòó tì mí sún sẹ́yìn. Mo tún un pè.