Ibùsùn Alájà Méjì ní Ilé Láolú Sànyà

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ohun kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ò mọ̀ nípa mi: èmi kì í kí onílé kí n tó ka iye bàtà tó wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ṣe é, mi ò sì tíì rí ọba tó fi oyè dá mi lọ́lá nítorí rẹ̀. Bàtà àlejò tó ń pọ̀ sí i lẹ́nu ọ̀nà náà ni mo fi mọ̀ pé ara ò rọ Láolú Sànyà.

Aládùúgbò mi ni Láolú, ní Agége níbí, kò jìnnà sí ibùdókọ̀ ojú irin. Wẹ́dà ni. Ọdún mẹ́rìnlélógún ló fi jó irin àga ọmọ ilé ìwé ní ilé iṣẹ́ kan n'Ìkẹjà, kí wọ́n tó fún un ní aago ara ògiri kan, tí wọ́n ní ó dìgbóṣe. Nínú ohun tó kó ti ibẹ̀ bọ̀, aago ti kú, ẹ̀yìn dídùn nìkan ló ṣì ń ṣiṣẹ́. Nítorí ẹ̀yìn náà ló ṣe ra fóòmù gidi kan tó le bíi pákó. Dókítà ní kò gbọdọ̀ sùn sórí ohun mìíràn.

Fóòmù náà dára. Gbogbo ẹbí ló lè jẹ́rìí sí i, nítorí gbogbo wọn ló ti sùn lórí rẹ̀. Láolú nìkan ni kì í sábà ráyè.

Ẹ ṣáà mọ̀ pé látìgbà tí ọkọ̀ ojú irin ti ń gbé èrò láti Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta wá sí Agége, ìfẹ́ ti pọ̀ sí i nínú ẹbí Sànyà. Ẹni tó ń lọ sí ọsibítù n'Ìkẹjà, ilé Láolú ló ń bọ̀. Ẹni tó fẹ́ lọ pàdé ọmọ rẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú, ibẹ̀ náà ni. Ẹni tí kò níṣẹ́ kankan ṣe l'Ékòó, tó kàn rí i pé ọkọ̀ dúró, òun náà á sọ̀ kalẹ̀. Láolú wá jẹ́ àbíkẹ́yìn ilé wọn. Gbogbo ẹni tó bá kan ilẹ̀kùn ló jù ú lọ. Èèyàn kì í sì í gbé àgbà sí pálọ̀ kó wá lọ na ara sórí bẹ́ẹ̀dì. Bí àlejò ṣe ń wọ yàrá báyìí, bẹ́ẹ̀ ni Jemimah, ìyàwó rẹ̀, á kó lọ sọ́dọ̀ Tẹniọlá ọmọ wọn, Láolú á sì lọ dùbúlẹ̀ sórí àga gígùn pálọ̀, èyí tí tìmùtìmù rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa ń pínyà lábẹ́ èèyàn bí àwọn ọmọ tó ń jà sí ogún. Láti Ọdún Àjíǹde títí di oṣù keje, òru mẹ́sàn-án péré ló sùn lórí fóòmù tó ra.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé, nígbà tí aránṣọ tó háyà ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé rẹ̀ kó lọ sí Opebi, níbi tí wọ́n ní àwọn oníbàárà ti ń ná ọjà láìbú èèyàn, Láolú ò wá ayálégbé mìíràn. Ó gbá ṣọ́ọ̀bù náà, ó kùn ún, ó fi nẹ́ẹ̀tì sí fèrèsé, ó so fáànù mọ́ òkè. Ó wá jó bẹ́ẹ̀dì alájà méjì, irú tí àwọn ọmọ ilé ìwé onílé gbígbé ń pè ní bọ́ńkì. Méjì ló jó, èèyàn mẹ́rin á sùn, ó sì fi àkàbà kọ̀ọ̀kan há wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo lọ wò wọ́n. Irin yẹn, bí ẹṣin bá sùn lórí rẹ̀, kò ní mì. Láolú ní, "Ó tán. Ẹni tó bá tún bá mi lórí àga pálọ̀, kó bú mi."

Ó wọn yàrá, ó wọn irin, ó wọn fóòmù. Ọjọ́ orí ẹbí rẹ̀ nìkan ni kò fi tépù wọ̀n.

Ọ̀sẹ̀ ìsọjí ọlọ́jọ́ méje tí ìjọ wọn ń ṣe ni àlejò àkọ́kọ́ dé. Ọpẹ́fẹ̀yìtìmí, àbúrò Jemimah, ló ṣíwájú, lọ́sàn-án. Láolú ní kó gun òkè lọ kó sinmi, pé òkè ni fáànù ti ń fẹ́ dáadáa. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Bùrọ̀dá Àkànjí dé láti Abẹ́òkúta, ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì àmọ́ tí kò tíì yéé pe orúkọ ọmọ ilé ìwé mọ́ èèyàn lórí. Ọmọ bàbá kan náà lòun àti Láolú. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù, ó wo òkè, ó wo ìsàlẹ̀.

"Láolú, ta nìyẹn?"

"Ọpẹ́ ni, Bùrọ̀dá. Àbúrò ìyàwó mi."

"Èmi wá ńkọ́?"

"Ìsàlẹ̀ rẹ̀ níbí ni, sà. Kí ẹ má baà máa gun nǹkan."

"Tí ó bá na ẹsẹ̀, orí ta ni ẹsẹ̀ rẹ̀ á wà?"

Láolú yára ní kí Ọpẹ́ sọ̀ kalẹ̀, kó bọ́ sí ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì kejì. Àmọ́ ẹ̀pa ò bóró mọ́. Bùrọ̀dá ní ibi tí ọmọ náà bá lọ kò kan òun, ohun tó wà lọ́kàn Láolú lòun ti rí: ó fi atẹ́gùn fún àna, ó fi ooru fún ẹ̀gbọ́n. Ibi tó bá ga nínú yàrá, àgbà ló ni ín. Ló bá bọ́ bàtà, ó ká aṣọ àdúrà funfun rẹ̀ sókè, ó sì gun àkàbà náà lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń gun orí ìtẹ́.

Ó dé òkè láyọ̀. Láolú náà wọ yàrá rẹ̀, ó sùn sórí fóòmù rẹ̀, ó hanrun débi pé Jemimah rò pé wọ́n ti tan jẹnẹrétọ̀.

Ilẹ̀ mọ́, Bùrọ̀dá ò lè sọ̀ kalẹ̀. Orúnkún tó gbé e gòkè ní iṣẹ́ òun ti parí. Ọpẹ́ ní òun lè pọ̀n wọ́n. Bùrọ̀dá bi í bóyá Ọpẹ́ náà ló pọ̀n òun nígbà tí òun wà lọ́mọdé. Láolú ní òun lè fi ẹ̀rọ gé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì náà díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi kan ilẹ̀. Bùrọ̀dá bi í léèrè iye tó gbà nínú ìṣirò ní ìwé mẹ́fà. Wọ́n wá ń gbé oúnjẹ gòkè fún un, wọ́n ń gbé omi gòkè. Jemimah ra póò. Ẹ má bi mí ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìsọjí ń lọ, ẹni tó tìtorí rẹ̀ wá wà lókè. Wòlíì Àlàbá, wòlíì ìjọ wọn, wá gbàdúrà fún un. Ọwọ́ rẹ̀ ò tó orí, ó gbé e lé àtẹ́lẹsẹ̀. Bùrọ̀dá kò sì jókòó lásán, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ọjọ́ kejì tó pé, ẹbí ti gbọ́ ní Ìbàdàn pé Láolú gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sórí àjà bí ẹja gbígbẹ, pé ó sì fi àna rẹ̀ ṣọ́ ọ. Ẹni mẹ́rin ló pe Láolú kó tó jẹun àárọ̀. Kò sí ìkan nínú wọn tí kò tíì sùn sórí fóòmù rẹ̀ rí.

Ní ọjọ́ kẹta, Jemimah ní, "Bàbá Tẹniọlá, kì í ṣe orúnkún ló ń dun Bùrọ̀dá. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí wọ́n ń dúró dè."

Láolú mọ̀ ọ́n. Ó fi ọwọ́ pa ẹ̀yìn rẹ̀ títí. Lẹ́yìn náà ló lọ dọ̀bálẹ̀ síwájú bẹ́ẹ̀dì náà, ó ní, "Bùrọ̀dá, ẹ má bínú. Yàrá mi ló yẹ yín."

"Ṣé ó dá ọ lójú?" ni Bùrọ̀dá wí.

"Ó dá mi lójú, sà."

Ẹ gbọ́, ọkùnrin yìí sọ̀ kalẹ̀. Kò di nǹkan kan mú. Wòlíì ní kó wá jẹ́rìí ní ìsọjí lálẹ́ ọjọ́ yẹn, gbogbo ìjọ sì pariwo halelúyà fún orúnkún náà.

Láolú kó ìrọ̀rí rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ó rò pé bí Bùrọ̀dá bá ti lọ, òun á padà. Bùrọ̀dá lọ lóòótọ́, lẹ́yìn ọjọ́ mọ́kànlá, ẹlòmíràn sì dé lọ́jọ́ kejì, láti Ìbàdàn. Láolú fi bẹ́ẹ̀dì hàn án, èyí tó wà nísàlẹ̀, tí ẹnì kankan kò sùn lókè rẹ̀. Àlejò náà rí ìrọ̀rí, ó rí aṣọ tí wọ́n kọ́ sára irin, ó bèèrè ẹni tó ni ín. Wọ́n ní Láolú ni. Ó ní rárá o, òun ò lè ṣe irú rẹ̀ láéláé, kí òun dé ilé èèyàn kí òun lé onílé kúrò níbi tó ń sùn. Ó ní yàrá inú ilé náà á tó òun.

Bí gbogbo wọn ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn títí di òní, àwọn ọmọlúàbí. Ẹ jọ̀wọ́, nígbà tí àlejò bá dé sílé tiyín, ibo lẹ máa ń sùn?